Eegun Tí Ìmọ́lẹ̀ Ń Là Kọjá

Ṣé ẹ ti ra àkàrà tí wọ́n fi bébà dì rí? Ibi tí òróró bá ti kan bébà náà kì í funfun mọ́. Bí a bá gbé e sókè sí oòrùn, ìmọ́lẹ̀ á là á kọjá. Kí ló fà á? Afẹ́fẹ́ wà láàrin àwọn fọ́nrán bébà. Ìrìn ìmọ́lẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ kò bá ìrìn rẹ̀ nínú fọ́nrán mu, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ á tú ká. Òróró ló wá dí àlàfo wọ̀nyí, tí ìmọ́lẹ̀ fi rí ọ̀nà.

Irú ọgbọ́n yìí náà ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń lò fún eegun.

Gbogbo wa la mọ mùdùnmúdùn. Inú rẹ̀ ni ara wa ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú kò lè wọ inú eegun. Tẹ́lẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń gé e pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ bí iṣu dùǹdú, kí wọ́n tó fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó. Bí ọ̀bẹ bá wá gé iṣan ẹ̀jẹ̀, ta ni yóò mọ ibi tí ó ti wá àti ibi tí ó ń lọ?

Ní ọdún 1911, Werner Spalteholz, ará Jámánì, tẹ ìwé jáde lórí bí a ṣe lè mú kí ìmọ́lẹ̀ la ẹ̀yà ara kọjá. Àwọn mìíràn ti tún ọ̀nà náà ṣe. Eegun tí a ti yọ kúrò lára ni wọ́n ń lò, kì í ṣe ti alààyè o. Ẹ wo bí wọ́n ti ń ṣe é:

1. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n á fi oògùn tí a ń pè ní EDTA yọ èròjà líle tí ó dà bí efun kúrò.
2. Wọ́n á fi ọtí líle fa omi inú rẹ̀ gbẹ.
3. Wọ́n á rì í sínú òróró kan tí ìrìn ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀ bá ti inú eegun mu. Eegun á wá dà bí dígí.
4. Wọ́n á tan ìmọ́lẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wọ̀ ọ́ láti ẹ̀gbẹ́, wọ́n á máa ya àwòrán rẹ̀ ní ìpele ìpele. Kọ̀ǹpútà á to gbogbo rẹ̀ pọ̀ di odindi.

Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ ní Jámánì fi irú ọ̀nà báyìí wo eegun ojúgun èkúté. Wọ́n rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ iṣan tín-ín-rín tí ó la ara eegun kọjá tààrà, láti inú mùdùnmúdùn bọ́ síta. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọlé, tí ó ń gbà jáde. Ibẹ̀ náà ni àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ lè gbà jáde lọ bá àrùn jà.

Ẹni tí yóò bá wo eegun tí ń ṣàìsàn sàn, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọ inú rẹ̀.