Sípánà Tí Ó Mọ Ìwọ̀n Agbára

Púpọ̀ nínú àwa ọ̀dọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni a máa ń yẹ ọ́ìlì, omi àti afẹ́fẹ́ táyà wò kí a tó rin ìrìn àjò. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń béèrè bí nọ́ọ̀tì táyà ṣe le tó. Bẹ́ẹ̀, nọ́ọ̀tì mẹ́rin tàbí márùn-ún péré ni ó sábà máa ń so táyà mọ́ ọkọ̀ kékeré, àwọn ni wọ́n sì di ẹ̀mí gbogbo èrò inú rẹ̀ mú.

Ní ẹ̀bá ọ̀nà, a sábà máa ń rí ẹni tí ń lẹ táyà tí yóò gun orí sípánà, tí yóò fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi dún. Oníbàárà a sì dúpẹ́ pé iṣẹ́ náà dára. Èrò tèmi yàtọ̀: àṣejù ni baba àṣetẹ́. Bóòtù dà bí sípíríǹgì. Bí a ti ń yí nọ́ọ̀tì ni bóòtù ń nà díẹ̀, nínà náà ni ó sì ń fa táyà mọ́ ìdí rẹ̀. Bí ó bá nà kọjá ààlà, eyín ara rẹ̀ lè jẹ, ó sì lè kán. Bí ó bá sì dẹ̀ jù, táyà lè yọ lórí eré.

Mo rí abiyamọ kan ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní òpópónà Èkó sí Ìbàdàn. Táyà rẹ̀ jò. Ó ní jáàkì, ó ní táyà mìíràn, ó sì mọ bí a ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì kò mì, nítorí ẹni tí ó yí i gbẹ̀yìn fi gbogbo ara yí i. Ọmọ ọwọ́ ń sunkún lẹ́yìn ọkọ̀, ilẹ̀ sì ń ṣú lọ.

Sípánà tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní torque wrench ni ó lè gbà wá lọ́wọ́ irú èyí. Ó máa ń wọn agbára tí a fi ń yí nọ́ọ̀tì, Nm ni a sì fi ń kà á. Bí a bá fi ẹrù kílò 10 kọ́ òpin ọ̀pá tí ó gùn ní mítà kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100 Nm. Nọ́ọ̀tì táyà ọ̀pọ̀ Toyota Corolla ń fẹ́ 103 Nm. Ti ọ̀pọ̀ Honda Accord ń fẹ́ 108 Nm. Ẹ wo ti ọkọ̀ yín nínú ìwé tí ó bá a wá.

Bí a ṣe ń yàn án

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Fún táyà, ẹ ra èyí tí orí rẹ̀ jẹ́ ìdajì íńṣì, tí ó ń ka nǹkan bí 40 sí 200 Nm, kí iye tí ẹ nílò lè bọ́ sí àárín. Púlọ́ọ̀gì kì í sábà ju 30 Nm lọ. Kékeré ni ó yẹ ẹ́. Èyí tí ó ní ọwọ́ atọ́ka kò wọ́n, ó sì ń tọ́jọ́. Ṣùgbọ́n mo fara mọ́ èyí tí ń dún “kẹ́” nígbà tí agbára bá pé, nítorí a lè lò ó níbi tí ojú kò ti ríran dáadáa.

Bí a ṣe ń lò ó, tí a sì ń tọ́jú rẹ̀

Ẹ nu eyín bóòtù mọ́, ẹ má fi ọ́ìlì sí i, nítorí ọ́ìlì a máa mú kí bóòtù nà ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹ fi ọwọ́ yí nọ́ọ̀tì wọlé, kí ẹ sì máa mú wọn le ní ìdojúkọ ara wọn, kì í ṣe ní ìtòtẹ̀lé. Ẹ rọra fà á. Bí ó bá ti dún, ẹ dúró. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Lẹ́yìn nǹkan bí 100 kìlómítà, ẹ tún wọn yẹ̀ wò.

Òṣùwọ̀n ni sípánà yìí. Ẹ má fi tú nọ́ọ̀tì, ẹ má fi páìpù gùn ún. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ dá a padà sí iye tí ó kéré jù lójú rẹ̀, kí ẹ sì fi í sínú àpótí rẹ̀ níbi gbígbẹ. Bí ó bá já bọ́, tàbí tí ó bá pé ọdún kan, ẹ jẹ́ kí onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí ẹ bá tún lọ lẹ táyà, ẹ mú tiyín dání. Ẹ fi ọ̀wọ̀ bẹ ọ̀gá náà pé kí ó fi í parí iṣẹ́.