Bí A Ti Ń Kọ́ Wíwa Bàálù Onítáyà Ìdí

(Àròkọ aláàlàyé ni èyí. Kọ ọ́ kí ó lè yé ẹni tí kò rí ohun náà rí. Ṣàkíyèsí ètò rẹ̀: irú bàálù náà, ìṣòro rẹ̀, ẹ̀kọ́ rẹ̀, ìbuwọ́lù olùkọ́, ìkádìí.)

Bí o bá ń ti Ọ̀wọ̀ tàbí Ìfọ́n lọ sí Àkúrẹ́, o ó kan pápá ọkọ̀ òfuurufú. Wo ẹsẹ̀ bàálù tí o bá rí níbẹ̀ dáadáa: táyà wà lábẹ́ imú rẹ̀, àwọn ńlá sì wà lẹ́yìn. Láyé àtijọ́, táyà ńlá méjì ni ó máa ń wà níwájú, kékeré kan a sì wà ní ìdí. Imú bàálù náà a nà sókè, ìdí rẹ̀ a wálẹ̀, bí ajá tí ó jókòó. Irú rẹ̀ ni DC-3 tí ilé-iṣẹ́ Nigeria Airways lò nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1958. Títí di òní, a ṣì ń fi irú rẹ̀ fọ́n oògùn sí oko ńláńlá.

Kí ni ó mú un ṣòro? Bí o bá fi okùn wọ́ ìtí igi, ẹ̀yìn rẹ ni yóò máa tọ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá ń fi ọ̀pá tì í láti ẹ̀yìn, bí ó bá yà díẹ̀, yóò túbọ̀ máa yà ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti bàálù. Ìwúwo onítáyà iwájú wà níwájú àwọn táyà ńlá, ó ń fà wọ́n. Ti onítáyà ìdí wà lẹ́yìn wọn, ó ń tì wọ́n. Bí awakọ̀ bá ṣe àìkíyèsí díẹ̀ lórí ilẹ̀, ìdí bàálù lè yí wá síwájú, kí apá rẹ̀ sì gbá ilẹ̀.

Ẹni tí ó fẹ́ di awakọ̀ lè lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Zaria, tí a dá sílẹ̀ ní 1964, tàbí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn tí ó wà ní Ìlọrin. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi onítáyà iwájú gba ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ tún di akẹ́kọ̀ọ́ kí ó tó wa onítáyà ìdí. Lákọ̀ọ́kọ́, yóò kọ́ bí a ti ń rìn ní kọ́lọkọ̀lọ lórí ilẹ̀, nítorí imú bàálù dí i lójú. Lẹ́yìn náà, yóò kọ́ bí ẹsẹ̀ ti í yá lórí pẹ́dàlì. Yóò kọ́ láti fi táyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àti láti fi méjì iwájú balẹ̀ ṣáájú. Yóò kọ́ bí a ti ń gbéra àti bí a ti ń balẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́. Yóò sì kọ́ láti tún gbéra padà bí ìbalẹ̀ kò bá dára.

Ní Amẹ́ríkà, òfin ní kí olùkọ́ kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ìfò akẹ́kọ̀ọ́ pé ó ti mọ̀ ọ́n, kí ó sì buwọ́ lù ú. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni à ń gbà á. Àwọn tí wọ́n ti jẹ́ ọ̀gá nínú irú bàálù náà ṣáájú ọjọ́ 15 oṣù kẹrin, 1991 nìkan ni òfin náà yọ sílẹ̀. Ní Ìlú Ọba pẹ̀lú, olùkọ́ gbọ́dọ̀ buwọ́ lu ìwé náà. Òfin Amẹ́ríkà yìí kò dá iye wákàtí. Ìgbà tí ó bá dá olùkọ́ lójú ni ẹ̀kọ́ tán.

Ìwọ tí o ń múra ìdánwò, ronú sí èyí. Ẹni tí ó jí ìwé wò lè gba ìwé ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá fi ojú àánú buwọ́ lu ìwé ẹni tí kò mọ iṣẹ́, ẹ̀mí ni ó fi tàfàlà, nítorí afẹ́fẹ́ yóò tún ìdánwò náà ṣe. Bí afẹ́fẹ́ bá sì fẹ́, a ó rí fùrọ̀ adìyẹ.