ỌLỌ́PÀÁ SÓJÀ NÍ ẸNUBODÈ ÀRÍYÁ

Bí a bá dárúkọ ọlọ́pàá sójà, kùmọ̀ àti àtìmọ́lé ni ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní iṣẹ́ mìíràn tí ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò: èyíinì ni ṣíṣọ́ ẹnubodè ní ọjọ́ tí àlejò bá di ẹni tí ń gba onílé lálejò.

Camp Zama wà ní ìpínlẹ̀ Kanagawa ní ilẹ̀ Jàpáàn. Láti 1937 ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun Jàpáàn ti wà níbẹ̀. Nígbà tí ogun parí ní 1945, àwọn sójà Amẹ́ríkà gbà á. Ó ti di àṣà níbẹ̀ láti ṣí ẹnubodè sílẹ̀ nígbà Bon Odori, ijó tí àwọn ará Jàpáàn fi ń yẹ́ ẹ̀mí àwọn baba ńlá wọn sí. Tọmọdé tàgbà ará ìlú a wọlé, wọn a tan fìtílà oníwèé, wọn a sì máa jó yí onílù ká.

Nínú ẹgbẹ́ ọlọ́pàá sójà Amẹ́ríkà, tí a dá sílẹ̀ ní 1941, a rí àwọn tí a fi pamọ́ de ìgbà àìní. Olùkọ́, akọ̀wé tàbí oníṣòwò ni wọ́n nílé. Òpin ọ̀sẹ̀ kan lóṣù àti ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dún ni wọ́n fi ń sin ìjọba. Bí a bá rán irú wọn lọ sí irú àríyá bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ wọn ni láti yẹ ìwé àti àpò wò, láti darí ọkọ̀, láti wá òbí ọmọ tí ó sọnù, àti láti fi pẹ̀lẹ́ mú ọ̀mùtí jáde. Nínú ọgbà nìkan ni àṣẹ wọn ti múlẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí àdéhùn 1960, wọn kò lè ṣiṣẹ́ lóde ọgbà láìjẹ́ pé àwọn aláṣẹ Jàpáàn fọwọ́ sí i.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe iṣẹ́ yìí ní kékeré. Ní òru ọjọ́ 20 oṣù December, 1970, ní ìlú Koza ní erékùṣù Okinawa, tí ó wà lábẹ́ Amẹ́ríkà títí di 1972, ọkọ̀ ará Amẹ́ríkà kan gbá ọmọ ìlú. Ìbínú ọjọ́ pípẹ́ ti wà nílẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá sójà dé, èrò pé jọ, wọ́n yìnbọn sókè. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọkọ̀ tí ó lé ní 70 ti jóná.

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ẹni tí ó dúró ní ẹnubodè ni àlejò kọ́kọ́ ń bá pàdé. Bí ó bá kí wọn dáadáa, ó ti ṣe ju ẹgbẹ̀rún ìbọn lọ.