Irinṣẹ́ Ìkóyìnyín fún Ilẹ̀ Abúlé: Bí A Ṣe Ń Yàn Án

Ní ìlà oòrùn adágún Ontario, ní ìpínlẹ̀ New York lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ilẹ̀ gíga kan wà tí wọ́n ń pè ní Tug Hill. Nígbà òtútù, afẹ́fẹ́ tútù a máa gba orí adágún náà kọjá nígbà tí omi rẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Afẹ́fẹ́ náà a máa fa ọ̀rinrin lára omi, bó bá sì ti kan òkè, a máa dà á sílẹ̀ ní yìnyín. Ọ̀pọ̀ ibi lórí òkè náà ló ń rí ju ínṣì 200 lọ lọ́dún. Ní oṣù Èrèlé ọdún 2007, ínṣì 141 ló bọ́ sí abúlé Redfield láàárín nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá.

Ọkọ̀ ìjọba ló ń kó yìnyín kúrò lójú títì. Ọ̀nà tó yà láti títì títí dé ẹnu ilẹ̀kùn, onílé ló ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀nà yẹn bá dí, ọkọ̀ panápaná kò ní ríbi wọlé, ọkọ̀ tó ń gbé gáàsì ìmúlégbóná kò ní dé, aláìsàn kò sì ní ríbi jáde. Ẹ̀mí ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe fàájì.

ẸNI TÓ FẸ́ RÀ, KÓ KỌ́KỌ́ WỌN Ọ̀NÀ

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ yẹ̀ wò kí ẹ tó dé ọjà.

Èkíní ni gígùn àti ìbú ọ̀nà. Ká ní ọ̀nà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 300, ó sì fẹ̀ ní 12. Bí yìnyín fúyẹ́fúyẹ́ bá bò ó ní ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹrù tó wà nílẹ̀ tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 10, ìyẹn igba àpò sìmẹ́ǹtì. Bí yìnyín náà bá rin, ìwọ̀n rẹ̀ lè di ìlọ́po méjì tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èkejì ni ojú ọ̀nà: ṣé kọnkéré ni, ṣé ọ̀dà ni, àbí òkúta wẹ́wẹ́? Ọ̀pọ̀ ọ̀nà abúlé ló jẹ́ olókùúta, èyí nìkan sì tó láti yí irinṣẹ́ tí ẹ máa rà padà.

Ẹ̀kẹta ni ibi tí ẹ máa kó yìnyín sí. Yìnyín tí ẹ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà lóṣù Bélú ṣì lè wà níbẹ̀ lóṣù Èrèlé, á ti le bí àpáta. Bí òmíràn ṣe ń bọ́ lé e, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà á máa fún sí i.

ÀWỌN IRINṢẸ́

Ṣọ́bìrì. Kò sí ilé tí kò nílò rẹ̀. Òun ló ń ṣiṣẹ́ lórí àtẹ̀gùn, lẹ́nu ilẹ̀kùn àti ní àyíká páìpù tí èéfín ẹ̀rọ ìmúlégbóná ń gbà jáde. Ẹ máa ti yìnyín ju kí ẹ máa gbé e lọ. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò le kó gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn, nítorí gbígbé yìnyín nínú òtútù ń ni ọkàn lára gan-an.

Ẹ̀rọ afọ́nyìnyín onípele kan. Irin lílọ́ tó wà lẹ́nu rẹ̀ ló ń kó yìnyín, òun náà ló sì ń jù ú nù. Ó dára fún ọ̀nà kúkúrú tó ní ọ̀dà tàbí kọnkéré, nígbà tí yìnyín kò bá ju nǹkan bí ínṣì 8 lọ. Irin yẹn ń gbálẹ̀ ni, nítorí náà, lórí òkúta wẹ́wẹ́, á máa ta òkúta bíi kànnàkànnà. Ẹ má lò ó níbẹ̀.

Ẹ̀rọ afọ́nyìnyín onípele méjì. Irin lílọ́ ń kó yìnyín wọlé, abẹ̀bẹ̀ irin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń fọ́n ọn jáde lókè. Ẹnu rẹ̀ sábà máa ń fẹ̀ tó ínṣì 24 sí 30, ẹ́ńjìnnì ló sì ń yí táyà rẹ̀. Bàtà irin méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀. Bí ẹ bá sọ wọ́n kalẹ̀, ẹnu ẹ̀rọ á gbéra kúrò lórí òkúta. Ẹ tọ́jú àfikún bóòtù ẹlẹgẹ́ tó di irin lílọ́ náà mú pamọ́. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó lè kán kí gíà má bàa bàjẹ́. Ẹni tó bá fi bóòtù líle rọ́pò rẹ̀ á san owó gíà.

 

Ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù pẹ̀lú irin ìtìyìnyín. Ó yá jù lọ lórí ọ̀nà gígùn, ṣùgbọ́n títì nìkan ló mọ̀, kò mọ jíjù. Ilẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kí ẹ sì ti yìnyín àkọ́kọ́ jìnnà kọjá etí ọ̀nà kí àyè lè wà fún èyí tó ń bọ̀. Ẹ wò ó nínú ìwé ọkọ̀ bóyá iwájú rẹ̀ lè gbé irin náà.

Katakata. Ẹni tó ti ní katakata oko ti rin ìdajì ọ̀nà. Irin ìtìyìnyín ẹ̀yìn rẹ̀ kò wọ́n. Níbi tí yìnyín ti ń pọ̀ bíi ti Tug Hill, afọ́nyìnyín tí ọ̀pá ẹ̀yìn katakata ń yí ló ń borí. Ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju táyà méjèèjì lọ. Bó bá wà lẹ́yìn, ẹ̀yìn ni ẹ ó máa fi rìn bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́, ọrùn á sì máa ro yín. Ti iwájú rọrùn jù, àmọ́ owó rẹ̀ ga. Ẹ fi ṣéènì sí táyà. Bí irin bá wà níwájú, ẹ gbé ẹrù sẹ́yìn kó má bàa yọ̀.

ÌKÌLỌ̀

Bí yìnyín bá dí ẹnu ẹ̀rọ, ẹ pa á, ẹ dúró kó má yí mọ́, kí ẹ wá fi igi tú u. Ẹ má fi ọwọ́ kàn án, kódà bí ẹ́ńjìnnì ti kú, nítorí irin tó há ṣì lè yí lójijì. Ẹ má tan ẹ́ńjìnnì nínú ilé: èéfín rẹ̀ ń pànìyàn. Ẹ má ti yìnyín sójú títì ìjọba.

ÀLÁMÀNÀKÌ IṢẸ́

Ọ̀wẹwẹ̀ (oṣù 9): Ẹ ra irinṣẹ́ kí ọjà tó kún.
Ọ̀wàrà (oṣù 10): Ẹ tan ẹ̀rọ wò, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì, ẹ yẹ bátìrì wò.
Bélú (oṣù 11): Ẹ ri igi àmì sí etí ọ̀nà kí ilẹ̀ tó dì. Ẹ ra dísù ìgbà òtútù fún katakata, torí ti ìgbà ooru máa ń dì.
Ọ̀pẹ sí Èrèlé (oṣù 12 sí 2): Ẹ máa kó yìnyín díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń bọ́. Ẹ má dúró de ìparí.
Ẹrẹ́nà (oṣù 3): Yìnyín á rin, á wúwo. Ẹ rọra.
Igbe (oṣù 4): Ẹ fa epo bẹntiróò kúrò nínú ẹ̀rọ, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi òróró pa irin rẹ̀.

Fún ọ̀nà kúkúrú olọ́dà, onípele kan tó. Fún ọ̀nà olókùúta tí kò gùn púpọ̀, onípele méjì ni. Fún ọ̀nà gígùn tí àyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, irin ìtìyìnyín ni. Fún ọ̀nà gígùn tí kò ní àyè, katakata afọ́nyìnyín ni. Bí ẹ bá sì ti ṣe ti yín tán, ẹ lọ ṣí ẹnu ọ̀nà àgbàlagbà tó ń dá gbé nítòsí yín.