Ẹ Bọ́ Ilẹ̀ Kí Ilẹ̀ Lè Bọ́ Yín: Ọ̀rọ̀ Fún Àwọn Tí Ń Gbin Ẹ̀fọ́ Sí Ẹ̀yìnkùlé

Ẹni tí ó bá gbé apẹ̀rẹ̀ lọ sí ọjà Tejúoṣó tàbí ọjà Mushin lóde òní mọ ohun tí mò ń wí. Owó tí a fi ń se odindi ìkòkò ọbẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí, ata nìkan ni ó ń bá a lọ báyìí. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Sùúrùlérè, ní Yábà àti ní Mushin fi ń wo ẹ̀yìnkùlé wọn ní àwòtúnwò. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ kò ju ìwọ̀n ẹní kan lọ gbin tẹ̀tẹ̀ sí i. Ẹni tí kò ní ilẹ̀ rárá bu iyẹ̀pẹ̀ sínú àpò ìrẹsì, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn.

Èmi náà ní ọgbà kékeré kan ní Sùúrùlérè, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀. Ẹni tí ọgbà rẹ̀ bá sì ń hu dáadáa kò lè ṣe aláìní àlejò. Àwọn aládùúgbò a dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn a ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, oògùn wo ni ẹ ń lò?" Òmíràn a ní, "Ajílẹ̀ wo ni ẹ rà?" Òmíràn a béèrè ibi tí a ti ń ra irúgbìn tí kì í kú. Ẹ wò ó, ohun tí a ń fi owó rà ni gbogbo wọn ń béèrè. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnì kan béèrè ohun tí ó wà nínú ilẹ̀ tí ó fẹ́ gbìn ín sí, bẹ́ẹ̀ ni ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Nítorí náà, mo ti kó àwọn ìbéèrè tí mo ń gbọ́ jù jọ, kí n dáhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

KÌ Í ṢE ÒNÍ LÓ BẸ̀RẸ̀

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọmọ Èkó kò mọ iṣẹ́ ọgbìn. Ní 1887 ni Gómìnà Moloney dá ọgbà ìjọba kan sílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́tta, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ohun ọ̀gbìn tí ó ń mú owó wá, bíi kòkó àti kọfí. Láti 1955, nígbà tí àjọ LEDB bẹ̀rẹ̀ sí wó àwọn ilé tí ó fún mọ́ra ní àárín ìlú Èkó, Sùúrùlérè ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn onílé wọ̀nyẹn wá. Ní 1976, ìjọba Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé ètò Operation Feed the Nation kalẹ̀, wọ́n ní kí olúkúlùkù gbin ohun tí yóò jẹ. Àwọn tí ó gbọ́n nígbà náà kò ní gbàgbé.

Ètò náà ti kọjá lọ, ọ̀pọ̀ ẹ̀yìnkùlé ni a sì ti da kọ̀ǹkéré bò. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tí ó kù tó ohun tí a lè fi se ọbẹ̀, bí a bá mọ irú ilẹ̀ tí ó jẹ́.

"KÍ LÓ DÉ TÍ Ẹ̀FỌ́ MI Ń PỌ́N?"

Ẹ̀fọ́ a hù, a dúró dáadáa fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà ewé rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n bí ẹni tí ibà mú. Onílé a ní àwọn ará ibi ni, tàbí pé irúgbìn náà kò dára. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ebi ni ó ń pa á.

Iyanrìn ni ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ apá ibí yìí. Àbàtà sì ni ọ̀pọ̀ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó fi iyanrìn àti pàǹtírí dí i. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan níbi tí ilẹ̀ ti tutù, kí ẹ fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Bí ẹ bá la ọwọ́ tí ó sì tú ká lójú ẹsẹ̀, iyanrìn ni. Omi kì í dúró nínú iyanrìn, bí omi bá sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni ó ń fọ oúnjẹ ewéko lọ. Ìdí nìyí tí ajílẹ̀ inú àpò, tí a rà lówó gọbọi, fi ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀ tí òjò ńlá kan yóò sì gbé e lọ.

Kí ni ṣíṣe? Ẹ bọ́ ilẹ̀. Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, háhá àgbàdo, ewé tí a gbá nílẹ̀, ẹ̀fọ́ tí ó ti bàjẹ́, gbogbo ohun tí a ń fún àwọn akólẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀. Ẹ kó wọn jọ sí igun kan tàbí sínú ike ńlá tí a dá ihò sí nídìí. Bí ẹ bá da èèpo tútù sí i, kí ẹ da ewé gbígbẹ lé e. Ẹ wọ́n omi sí i kí ó tutù díẹ̀, kí ó má ṣe rin gbindin. Ẹ máa fi ṣọ́bìrì yí i padà lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Ẹ má ṣe da ẹran, eegun tàbí oúnjẹ elépo sí i, nítorí àwọn eku. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì sí mẹ́ta yóò dúdú, yóò sì máa rùn bí ilẹ̀ igbó lẹ́yìn òjò. Ẹni tí ó ń gbìn sínú àpò lè po korobá iyanrìn méjì mọ́ korobá ajílẹ̀ yìí kan, kí ó má sì gbàgbé láti dá ihò sí ìdí àpò.

Ìgbẹ́ adìẹ dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ adìẹ tútù a máa jó gbòǹgbò, ó sì lè gbé àrùn wọ inú ẹ̀fọ́. Ẹ kó o jọ pẹ̀lú ewé gbígbẹ kí ó jẹrà tán, kí ó má gbóná mọ́, kí ẹ tó lò ó. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi koríko gbígbẹ bo ojú ilẹ̀ láàárín àwọn ẹ̀fọ́ náà. Oòrùn kò ní fa omi ibẹ̀ gbẹ kíákíá, ekòló yóò sì wá. Ibi tí ẹ bá ti rí ekòló, ilẹ̀ ti ń sàn nìyẹn.

"ÌGBÀ WO NI KÍ N GBÌN ÍN?"

Òjò àkọ́rọ̀ a máa bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta sí ìkẹrin, a sì le jù ní oṣù kẹfà. Ó máa ń dá díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, kí òjò àrọ̀kúrò tó dé ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Ẹni tí ó bá fọ́n irúgbìn wẹ́wẹ́ sí ilẹ̀ pẹrẹsẹ ní oṣù kẹfà, inú gọ́tà ni yóò ti lọ kórè. Ẹ kọ ebè tí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan, kí omi lè rí ọ̀nà lọ. Àwọn tí ó rí omíyalé ọjọ́ kẹwàá oṣù keje 2011 kò ní pe èyí ní àṣejù. Ọwọ́ ẹ̀ẹ̀rùn sì dára fún ewébẹ̀ púpọ̀, bí ẹ bá ti ní omi kànga, nítorí àrùn ewé kì í pọ̀ nígbà náà. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ máa bomi rin ín.

Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ kéré púpọ̀. Ẹ pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ kí ẹ tó fọ́n ọn, kí ó má baà ṣù pọ̀ sójú kan. Tẹ̀tẹ̀ á tó fà tu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Bí ẹ kò bá fà á tu, tí ẹ gé e kù díẹ̀ sí ilẹ̀, yóò tún rúwé.

Ewédú ni ó ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn lágara. Wọn a gbìn ín, kò ní hù, wọn a ní ayédèrú ni ọlọ́jà tà fún wọn. Èèpo irúgbìn ewédú le, omi kì í tètè wọ inú rẹ̀. Ẹ di í sínú aṣọ fẹ́lẹ́, ẹ rì í bọ inú omi gbígbóná tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná, ẹ ka ení dé àrún, kí ẹ yọ ọ́. Ẹ sá a kí ó gbẹ, kí ẹ tó gbìn ín. Ní ti ilá, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú. Ní ti ugu, akọ àti abo wà níbẹ̀: abo ni ó ń so, òun náà ni ewé rẹ̀ sábà máa ń tóbi jù, ṣùgbọ́n a kì í mọ̀ wọ́n yàtọ̀ títí wọn yóò fi yọ òdòdó. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbin ẹyọ kan ṣoṣo.

"TÒMÁTÌ MI RỌ LÓJIJÌ"

Ọ̀dọ́kùnrin kan ní Yábà bi mí ní ìbéèrè yìí tẹ̀dùntẹ̀dùn. Ó bomi rin tòmátì rẹ̀ ní àárọ̀, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Nígbà tí ó fi máa di ọ̀sán, ó ti rọ wọ̀ǹjọ̀, omi kò sì jí i mọ́. Mo ní kí ó gé igi rẹ̀ kan nítòsí ilẹ̀, kí ó gbé e kọ́ sínú ife omi tí ó mọ́ gaara. Kò pẹ́ tí nǹkan funfun bí omi wàrà fi bẹ̀rẹ̀ sí ṣàn jáde láti ojú ibi tí ó gé. Bí ẹ bá rí èyí, kòkòrò àrùn tí a kì í fi ojú rí ni, inú ilẹ̀ ni ó ń gbé, kò sì sí oògùn tí ó ń wò ó. Ẹ hú igi náà tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ẹ kó o jìnnà, ẹ má sọ ọ́ sórí òkìtì ajílẹ̀. Ẹ má sì gbin tòmátì, ata tàbí ìgbá sí ojú ibẹ̀ fún ọdún díẹ̀, nítorí ẹbí kan náà ni wọ́n. Ẹ gbin àgbàdo tàbí ewédú dípò rẹ̀. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ tòmátì, inú àpò tí iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ jẹ́ tuntun ni kí ẹ gbìn ín sí.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe tún padà sórí ilẹ̀. Owó kò lè ra ohun tí ilẹ̀ kò ní, oògùn kò sì lè lé ohun tí ilẹ̀ ti gbà sára.

"OÒGÙN WO NI KÍ N WỌ́N SÍ I?"

Èyí ni ìbéèrè tí ó ń bà mí lẹ́rù, òun ni ó sì mú mi gbé kálàmù. Ìyá kan tí ó ń ta oúnjẹ ní Mushin wá bá mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kòkòrò ti jẹ ẹ̀fọ́ mi tán. Ọmọ mi ní kí n bu oògùn tí a fi ń pa ẹ̀fọn sínú omi, kí n wọ́n ọn sí i."

Mo ní, "Ìyá, ìgbà wo ni ẹ fẹ́ já ẹ̀fọ́ náà?"

Ó ní, "Ọ̀la ni, mo ti gba owó oúnjẹ."

Mo ní, "Ẹ dákun, ẹ má ṣe é. Àwọn tí ó san owó yẹn ni ẹ fẹ́ wọ́n ọn lé lórí."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, dichlorvos ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ ìgò kékeré tí ará ọjà ń pè ní Sniper. Iṣan ara ni ó ń bá jà, iṣan ara kòkòrò àti ti ọmọ ènìyàn bákan náà. Ní oṣù kẹfà 2015, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fi òfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí rẹ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n gbà láàyè ni míligíráàmù 0.01 nínú kílò kan. Èyí tí wọ́n bá nínú ẹ̀wà tí wọ́n dá padà bẹ̀rẹ̀ láti 0.03, ó sì dé 4.6. Ní 2019, àjọ NAFDAC fi òfin de ìgò kékeré rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù àti ní ọjà gbangba. Òfin wà, ṣùgbọ́n òfin kò lè dúró sí ẹ̀yìnkùlé ẹnikẹ́ni. Fífi omi ṣan ẹ̀fọ́ kò sì lè mú gbogbo rẹ̀ kúrò.

Ohun tí mo ní kí ìyá náà ṣe nìyí. Ní kùtùkùtù àti ní ìrọ̀lẹ́, ẹ yẹ abẹ́ ewé wò, ẹ fi ọwọ́ ṣa kòkòrò dànù. Ẹ rẹ ewé dóńgóyárò tí a gún sínú omi mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i kí ó lè lẹ̀ mọ́ ewé, kí ẹ wọ́n ọn ní ìrọ̀lẹ́. Yóò lé ọ̀pọ̀ wọn, bí kò tilẹ̀ lé gbogbo wọn. Ẹ fọ ẹ̀fọ́ dáadáa kí ẹ tó sè é. Ewé tí kòkòrò jẹ ihò méjì sí lára sàn ju ewé dídán tí ó ní májèlé lọ. Ó já èyí tí ó dára nínú ẹ̀fọ́ rẹ̀, ó ra ìyókù lọ́jà, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì jẹun.

Ohun méjì kù. Ẹ má ṣe gbin ohun jíjẹ sí ibi tí mẹ́káníìkì ti ń da epo ọkọ̀ tàbí omi bátìrì sílẹ̀ rí. Òjé inú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í jẹrà. Ẹ má sì ṣe fi omi gọ́tà tàbí omi kánálì rin ẹ̀fọ́. Oṣù kẹfà 2024 kò tíì jìnnà, nígbà tí kọ́lẹ́rà bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó.

Ẹni tí ó bá ń wá irúgbìn gidi lè wádìí lọ́dọ̀ NIHORT, ilé-iṣẹ́ ìwádìí èso àti ewébẹ̀ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1975. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ wá ike kan, ẹ dá ihò sí ìdí rẹ̀, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti orí èèpo iṣu alẹ́ òní. Nígbà tí ó bá fi máa jẹrà, ẹ óò ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ gbìn. Ó di ọ̀sẹ̀ mìíràn o.