Ẹni Tó Ń Ṣírò Epo Kí Bàálù Tó Gbéra

Ní Mushin àti Ìsọlọ̀, bàálù tó ń balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni. Èrò tó ti Sùúrùlérè tàbí Yábàá lọ wọ Air Peace, tó ti ń ná Gatwick ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2024, máa gbọ́ ohùn awakọ̀, á sì rí àwọn tó ń pín oúnjẹ. Ẹni tí kò ní fojú kàn ni dispatcher, òṣìṣẹ́ tó jókòó sí ọ́fíìsì, tó la ọ̀nà tí bàálù máa gbà, tó sì ṣírò epo tí wọ́n máa rọ sínú rẹ̀. NCAA, àjọ tó ń mójú tó ìrìnnà òfurufú ní Nàìjíríà, ló ń fún un ní ìwé àṣẹ. Ọ̀gá awakọ̀ sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ètò náà kí bàálù tó gbéra.

Epo tó máa gbé bàálù dé Lọ́ńdọ̀nù kò ṣòro ṣírò. Ìbéèrè tó le ni pé, bí afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ ń fún sínú bàálù bá tú jáde lójijì lórí aginjù Sàhárà ńkọ́? Ní 35,000 ẹsẹ̀ bàtà, ìṣẹ́jú kan lè má pé kí ojú èèyàn tó ṣú. Ìbomú á já bọ́ síwájú èrò lóòótọ́, àmọ́ nínú ọ̀pọ̀ bàálù, ọ́síjìn rẹ̀ kì í ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 12 sí 20 lọ. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ tètè sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan bí 10,000 ẹsẹ̀ bàtà, níbi tí a ti lè mí láìsí ìbomú.

Ibẹ̀ ni epo ti di ọ̀ràn ẹ̀mí. Afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ ki ju ti òkè lọ. Eré bàálù á dín kù, epo tó ń mu ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan á sì pọ̀ sí i gan-an. Nítorí náà, dispatcher á wá ibi tó burú jù lọ́nà: ibi tó jẹ́ pé, ì báà padà sẹ́yìn, ì báà tẹ̀ síwájú, iye àkókò kan náà ló máa gbà kó tó dé pápákọ̀ tó lè gbà á. Á ṣírò bí ẹni pé ibẹ̀ gan-an ni afẹ́fẹ́ ti tú. Fún bàálù ẹlẹ́ńjìnì méjì tó ń la òkun Àtìláńtíìkì kọjá, jìnnà sí pápákọ̀ gbogbo, á tún ṣírò bí ẹni pé ẹ́ńjìnì kan ti kú pẹ̀lú. Èyí tó bá gba epo jù nínú ìṣirò wọ̀nyí ni wọ́n máa tẹ̀ lé, wọn á sì fi epo tí bàálù lè fi rà bàbà fún ìṣẹ́jú 15 kó tó balẹ̀ kún un.

Orí ilẹ̀ náà ní ewu tirẹ̀. Òkè Tahat, ní àárín àwọn òkè Hoggar ní gúúsù Àlùjíríà, ga ju 9,500 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Bàálù tó bá sọ̀ kalẹ̀ dé 10,000 níbẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gun orí òkè. Ọ̀rọ̀ ìjọba náà ń da ìṣirò rú. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 2023, àwọn ológun Niger ti òfurufú wọn pa, wọn kò ṣí i títí di ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án. Bàálù tó ń ti Èkó lọ sí Yúróòpù ní láti yí gba ibòmíràn, pẹ̀lú ìṣirò epo tuntun.

Epo wọ́n, ó sì wúwo. Èyí tí a kò lò pàápàá ń mú kí bàálù mu epo sí i. Lọ́dún 2022, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù Nàìjíríà pariwo pé Jet A1, epo tí bàálù ń lò, ti kúrò ní ₦190 lítà kan, ó ti di ₦700. Wọ́n ní àwọn máa dáṣẹ́ dúró ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún, kí wọ́n tó yí ìpinnu náà padà. Nírú àkókò bẹ́ẹ̀, ojú ẹni tó ń ka owó lè wọ epo àfikún tí dispatcher ṣírò fún pàjáwìrì. Lójú tèmi, dispatcher tó bá kọ̀ láti dín in kù ń dáàbò bo ẹ̀mí gbogbo wa, ó sì yẹ kí NCAA dúró tì í gbọin. Ẹ̀yin èrò náà, bí wọ́n bá sọ fún yín ní Ìkejà pé bàálù ọ̀la ló máa gbé àpótí yín nítorí epo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wọn fara dà á.