Ṣé O Mọ̀? Mítà Omi Tó Ń Fi Rédíò Ròyìn

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ti fi Prince George's County, ní ìpínlẹ̀ Maryland, ṣe ilé. Suitland wà nínú káńtì yìí, ó sì súnmọ́ Washington. Onílé kan kì í bọ́ lọ́wọ́ owó omi níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣírò owó náà, a kì í sábà yà á wò. Síbẹ̀, ìyanu tó wà nínú rẹ̀ kò kéré, pàápàá láti ìgbà tí wọ́n ti ń fi rédíò sí i lára.

Ṣé o mọ̀ pé iléeṣẹ́ tó ń fún Suitland lómi ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún? Ọdún 1918 ni wọ́n dá a sílẹ̀, WSSC Water là ń pè é lónìí. Odò Potomac àti odò Patuxent ló ti ń fa omi, ó ń sẹ́ ẹ, ó sì ń pín in fún nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.9 èèyàn ní káńtì Montgomery àti Prince George's. Ọ̀pá omi tó rì mọ́lẹ̀ súnmọ́ máìlì 6,000. Bí a bá tò wọ́n tẹ̀ léra, wọn yóò gùn láti Maryland dé Èkó.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó omi ló bí ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú tó kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀ l'Ékòó? Lọ́dún 1908, nígbà tí ìjọba amúnisìn fẹ́ kí ará ìlú máa san owó omi ẹ̀rọ, Dókítà John Randle àti Dókítà Òrìṣàdípẹ̀ Ọbasá dá People's Union sílẹ̀ láti ta kò ó. Àwọn ará Èkó ní kànga, wọ́n sì ń gbe omi òjò. Wọn ò rí ìdí tí wọn yóò fi sanwó ohun tí wọn ò béèrè. Wọ́n kọ́ iléeṣẹ́ omi Ìjù lẹ́yìn náà, àríyànjiyàn náà kò sì tán síbẹ̀. Ìbéèrè tó wà nídìí ìjà yẹn náà ni mítà ń gbìyànjú láti dáhùn: omi mélòó ni mo lò, kí ni mo sì ń sanwó fún?

Ṣé o mọ̀ pé omi lè máa ṣòfò fún oṣù mẹ́ta gbáko kí onílé tó gbọ́? Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta ni WSSC Water máa ń ka mítà ọ̀pọ̀ ilé, tí bíìlì á sì tẹ̀ lé e. Àjọ EPA, tó ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà, sọ pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo tó ń jò lè fi 200 gálọ́ọ̀nù ṣòfò lóòjọ́. Ṣírò rẹ̀ fún ọjọ́ 90: gálọ́ọ̀nù 18,000, ìyẹn bíi lítà 68,000. Omi yìí kì í dà sílẹ̀, kì í sì í pariwo. Inú àwo ló ń gbà wọ ọ̀pá ìdọ̀tí lọ. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ọjọ́ tí bíìlì bá dé ni ẹ̀rù ń bani.

Ṣé o mọ̀ bí mítà ṣe ń ka omi? Nínú oríṣi tó wọ́pọ̀ jù nínú ilé, àwo pẹlẹbẹ kan wà tí omi ń tì yí. Ìwọ̀n omi kan náà ló ń gba inú rẹ̀ kọjá nígbàkígbà tó bá yí. Mágínẹ́ẹ̀tì ló ń gbé ìyíká yẹn la ògiri mítà já sí ojú rẹ̀ níta, kí omi má baà kan àwọn nọ́ńbà. Àwọn mítà tuntun mìíràn kò tilẹ̀ ní ohun tó ń yí nínú. Ìró tí etí èèyàn kò lè gbọ́ ni wọ́n ń rán síwájú, tí wọ́n sì ń rán padà sẹ́yìn nínú omi. Ìró tó bá omi lọ a máa yára ju èyí tó dojú kọ ọ́ lọ. Ìyàtọ̀ àkókò tín-ín-tín-ín yìí ni wọ́n fi ń mọ bí omi ṣe ń sáré tó.

Ṣé o mọ̀ pé bátìrì kan lè wà nínú mítà fún bí ogún ọdún láìjẹ́ pé wọ́n pààrọ̀ rẹ̀? Oorun ni rédíò mítà máa ń sùn lọ́pọ̀ ìgbà. Á jí fún ìgbà díẹ̀, á sọ nọ́ńbà rẹ̀, á tún sùn padà. Ní Amẹ́ríkà, orí ìgbì rédíò tó wà láàrin 902 àti 928 mẹ́gáhẹ́ẹ̀tìsì ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń sọ̀rọ̀, níbi tí ẹ̀rọ tó bá tẹ̀ lé òfin ti lè ṣiṣẹ́ láìgba ìwé àṣẹ. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé irin àti omi kì í jẹ́ kí ìgbì rédíò kọjá dáadáa. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé áńténà mítà tó wà nínú kòtò sí ojú ọmọrí kòtò náà.

Ṣé o mọ̀ pé òru ni mítà onírédíò fi ń mọ ilé tí páìpù rẹ̀ ń jò? Láàrin aago méjì sí mẹ́rin òru, ọ̀pọ̀ èèyàn ti sùn. Ó yẹ kí wákàtí kan wà, ó kéré tán, tí omi kò ní ṣàn rárá. Bí àkọsílẹ̀ tí mítà ilé kan ń rán bá fi hàn pé omi ń ṣàn ní gbogbo wákàtí 24 láìdúró rí, kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ omi á fura. Èyí ni ohun tí ẹni tó ń wá ka mítà lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta kò lè rí láé, bó ti wù kó ṣọ́ra tó. Àròpọ̀ nìkan ló ń bá pàdé, kò mọ wákàtí tí omi náà ṣàn.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn aládùúgbò Suitland ti ń jẹ àǹfààní yìí tipẹ́? Bí o bá sọdá Southern Avenue, o ti wọ Washington nìyẹn, DC Water ló sì ń pín omi níbẹ̀. Mítà wọn ń fi rédíò ròyìn, iléeṣẹ́ náà sì ní ètò kan tó ń ta onílé lólobó nígbà tí omi tó ń lò bá ṣàdédé lọ sókè.

Ṣé o mọ̀ pé àkọsílẹ̀ omi kan náà lè tú àṣírí ilé? Ẹni tó bá rí i wákàtí sí wákàtí lè mọ ìgbà tí ẹ jí, ìgbà tí ẹ wẹ̀, àti ọ̀sẹ̀ tí ẹ rin ìrìn-àjò. Nítorí náà, ó yẹ kí iléeṣẹ́ omi máa dáàbò bò ó bí báǹkì ṣe ń dáàbò bo àkáǹtì.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn ọ̀pá ńlá pàápàá ní ohun tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn? Ní December 23, ọdún 2008, ọ̀pá omi oníńṣì 66 bẹ́ lójú ọ̀nà River Road ní Bethesda. Títì di odò, hẹlikópítà ni wọ́n sì fi gbé àwọn kan kúrò nínú ọkọ̀ wọn. Irú ọ̀pá kọ̀ǹkéré bẹ́ẹ̀ ní wáyà irin tí wọ́n wé mọ́ ọn lára, tó ń dì í mú. Kí ọ̀pá tó bẹ́, àwọn wáyà náà á máa já lọ́kọ̀ọ̀kan. WSSC Water ti wá na okùn dígí tín-ín-rín sínú ọ̀pá ńláńlá, ó lé ní máìlì 100, láti máa gbọ́ ìró wáyà tó ń já.

Ní July 2013, okùn yìí kìlọ̀ pé ọ̀pá oníńṣì 54 kan lágbègbè Morningside, tó múlé ti Suitland, ń kú lọ. Ooru mú gan-an lọ́sẹ̀ náà. Wọ́n kéde pé àwọn èèyàn tó lé ní 100,000 kò ní rí omi fún ọjọ́ mélòó kan, ni gbogbo ìlú bá ń pọnmi sílẹ̀. Fáàfù kan tí ìbá pa omi ibi kékeré nìkan ti bàjẹ́. Òṣìṣẹ́ méjì wọlé tì í, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tún eyín irin rẹ̀ ṣe, ó sì yí. Omi àwọn ará ìlú kò dá. Ẹ̀rọ ló gbọ́ ewu, ọwọ́ èèyàn ló mú un kúrò.

Ṣé o mọ̀ pé inú Suitland gan-an ni wọ́n ti ń darí sátẹ́láìtì ojú ọjọ́ Amẹ́ríkà? Iléeṣẹ́ NOAA, tó ń bójú tó ojú ọjọ́ àti òkun ní Amẹ́ríkà, ní ilé kan níbẹ̀ tí àwo áńténà ńláńlá wà lórí òrùlé rẹ̀. Àwọn sátẹ́láìtì GOES wà lókè ní bíi máìlì 22,300. Yàtọ̀ sí àwòrán ìkúùkù, wọ́n tún ń gba ìròyìn lọ́wọ́ àwọn ẹ̀rọ tó ń wọn odò káàkiri Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ ń wọn odò, rédíò rẹ̀ ń ròyìn sójú ọ̀run. Iṣẹ́ tí mítà ilé rẹ ń ṣe náà ni, ó kàn tóbi jù ú lọ ni.

Ṣé o mọ̀ pé ìlànà owó omi àtijọ́ ń ni àwọn ìdílé ńlá lára ní Prince George's? Ìpele 16 ló wà. Bí omi tí ilé kan ń lò lóòjọ́ bá ti wọ ìpele gíga, gbogbo omi rẹ̀, títí kan gálọ́ọ̀nù àkọ́kọ́, ni wọ́n ń gba owó gíga lé. Ní 2017, àjọ Public Service Commission ti Maryland dájọ́ pé ìlànà náà kò bá ẹ̀tọ́ mu fún ilé tí èrò pọ̀ sí. Láti July 2019, ìpele 4 ló kù, kìkì ohun tó bá sì ré kọjá ìpele kan ni wọ́n ń gba owó gíga lé. Ilé tí ìyá àgbà, ọmọ àti àbúrò ń gbé pọ̀ mọ ìyàtọ̀ rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé o lè yẹ ilé tìrẹ wò láìná kọ́bọ̀? Ka mítà rẹ kí o tó sùn, kí ẹnikẹ́ni má lo omi lóru, kí o tún un kà láàárọ̀. Bí nọ́ńbà bá ti yí padà, nǹkan ń jò. Lójú ọ̀pọ̀ mítà, igun mẹ́ta kékeré kan wà. Bó bá ń yí nígbà tí gbogbo ẹ̀rọ omi wà ní pípa, ẹ̀rí nìyẹn. Lẹ́yìn náà, kán aró oúnjẹ sínú táǹkì ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí o dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìfi omi ṣan án. Bí àwọ̀ bá yọ nínú àwo, rọ́bà ìsàlẹ̀ táǹkì ti gbó; owó rẹ̀ kò tó nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù. Bí o bá jẹ́ ayálégbé, kọ̀wé sí onílé, kí o sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Má sì dúró de mítà onírédíò. Mítà tó wà nílé rẹ lónìí ti ń sọ òtítọ́. Lọ kà á lálẹ́ yìí.